Ta Ni Ó Ń San Owó Ohun Tí A Kà Sí?

Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ, tí a sì bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún wọn ní ayé, ìdáhùn wọn kò ní jìnnà sí ara wọn. Ẹnì kan yóò ní ọmọ ni. Ẹlòmíràn yóò ní àlàáfíà ni. Òmíràn yóò dárúkọ Ọlọ́run, òmíràn yóò sì ní orúkọ rere ni òun ń wá. Kò sí ẹni tí yóò dìde láàárín àwùjọ kí ó sọ pé aṣọ olówó ńlá ni òun kà sí jù, tàbí pé kí àwọn aládùúgbò máa ṣe ìlara òun ni ó gba òun lọ́kàn. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ̀fọ́ tí a bá fi ẹnu rò, iyọ̀ rẹ̀ kì í jù, ìdí ìkòkò rẹ̀ kì í sì í jóná.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn kà sí ní tòótọ́ kì í dúró ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí onítọ̀hún gbà láti pàdánù kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ ohun tí ó ń wá ni yóò wò. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè fi fàájì alẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ láti kàwé, fàájì ni ó fẹ́ràn. Ẹni tí ó ní ẹbí ni ó gba iwájú lọ́kàn òun, ṣùgbọ́n tí ó di ọdún mẹ́ta kí ó tó yà kí ìyá rẹ̀, ohun mìíràn ni ó gba iwájú. Òṣùwọ̀n yìí dára, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó sì ń fi í kọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò pé. Ènìyàn lè fi ohun ńlá sílẹ̀ nítorí ohun tí ó kà sí, kí gbogbo ayé sì máa yìn ín, nígbà tí ohun tí ó fi sílẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá lè sọ pé gbogbo ohun tí òun ní ni òun fi ṣe ẹ̀yẹ ìdílé, kí ó sì jẹ́ pé owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ná. Ìbéèrè kejì wà, nígbà náà, tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ti ìṣáájú: ta ni ó san owó náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-Ifẹ̀ ti gbé e pa mọ́ láti ayébáyé sínú ìtàn kan tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà yẹ̀ wò dé ìdí.

Ẹ̀jẹ́ etí odò Ẹ̀sìnmìrìn

Ìtàn Mọ́remí Àjàṣorò ni. Àwọn ará Ifẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ sì fi í ṣe eré orí ìtàgé ní àwọn ọdún 1960.

Bí ìtàn náà ti lọ ní kúkúrú nìyí. Ní ayé àtijọ́, àwọn kan tí à ń pè ní Ìgbò, tí wọn kì í ṣe àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà tí a mọ̀ lónìí, a máa ya wọ Ifẹ̀, wọn a kó ènìyàn lẹ́rú, wọn a sì kó dúkìá lọ. Ìko àti koríko ni wọ́n fi ń bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ fi rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Mọ́remí, obìnrin arẹwà tí ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Olúorogbo, lọ sí etí odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá rí àṣírí àwọn akónilẹ́rú náà, tí ìlú sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹbọ tí ó níye lórí jù lọ tí apá òun bá ká ni òun yóò rú sí odò.

Nígbà tí àwọn Ìgbò tún dé, àwọn ènìyàn sá. Mọ́remí kò sá. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ, ọba wọn rí ẹwà rẹ̀, ó sì fi í ṣe aya. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn tí Ifẹ̀ ń bẹ̀rù, àti pé iná ni ọ̀tá ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ó sá padà wá sílé, ó sì kọ́ àwọn ará Ifẹ̀ láti di ògùṣọ̀ mú. Nígbà tí àwọn Ìgbò tún yọ, iná ni ó pàdé wọn. Bí ewu náà ti kúrò lórí Ifẹ̀ nìyẹn.

Mọ́remí padà sí etí odò láti san ẹ̀jẹ́. Ó mú ewúrẹ́ lọ, ó mú àgùntàn lọ, ó mú màlúù lọ. Odò kò gbà. Nígbà tí a wádìí lọ́dọ̀ àwọn awo, wọ́n ní Olúorogbo ni odò ń bèèrè.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí tìfura-tìfura yóò rí i pé owó méjì ni Mọ́remí san, àti pé owó méjèèjì kò jọra. Owó kìn-ín-ní ni ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró nígbà tí àwọn ẹlòmíràn sá. Òun ni ó di ẹrú. Òun ni ó jẹ ìyà ilẹ̀ àjèjì. Ní ìhà yìí, kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ó ka Ifẹ̀ sí ju ìdẹ̀ra tirẹ̀ lọ, òun náà ni ó sì san án. Owó kejì ni Olúorogbo. Ọmọ náà kò sí létí odò nígbà tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ìyá ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ọmọ ni ó san án.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ni ó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ń ka Bíbélì mọ Jẹfta ará Gileadi, nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohunkóhun tí ó bá jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé òun wá pàdé òun nígbà tí òun bá ti ogun dé, òun yóò fi í rúbọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó jáde, tòun ti ìlù àti ijó. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà ní ìtàn Agamemnon, tí ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Iphigenia, rúbọ kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ lọ sí Troy. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbà ni ó sọ̀rọ̀, ọmọ ni ó san án. Ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé Mọ́remí kò wá ohun búburú. Ìgbàlà ìlú ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ìkà nìkan ni ó ń mú kí ọmọ jìyà ohun tí àgbà kà sí, ìdájọ́ rẹ̀ ì bá rọrùn.

Ohun tí Ifẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà

Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ohun yòówù kí ó ná an. Òótọ́ ni pé ọmọlúàbí kì í yẹ àdéhùn, Mọ́remí kì bá sì ti jẹ́ Mọ́remí bí ó bá ti purọ́ fún odò. Àwọn mìíràn, pàápàá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, ń sọ pé ìyá tí ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ kò yẹ fún ìyìn. Ìhà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí odò ni ìhà méjèèjì dúró sí, wọn kò tẹ̀lé ìtàn náà dé ilé. Ohun tí ìlú ṣe lẹ́yìn náà ni kókó.

Nígbà tí Ifẹ̀ rí Mọ́remí tí ó ń sunkún, wọn kò sọ fún un pé òun ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́, kí ó máa bá ẹkún rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣèlérí láti máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí láé. Ìtumọ̀ ìlérí yìí ni pé Olúorogbo ti san gbèsè tí gbogbo wọn jọ jẹ, wọ́n sì mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè san ọmọ padà, nítorí náà gbèsè náà kì í tán. Ọdọọdún ni a ń rántí rẹ̀ nígbà ọdún Ẹdì. Nínú ọdún náà, ẹnì kan ní í ru ẹrù ibi ìlú jáde nítorí gbogbo ènìyàn. Ohun tí Johnson gbọ́ ni pé Olúorogbo kò kú tán, pé ó dìde, ó fi koríko hun okùn, ó sì gùn ún lọ sí ọ̀run, àti pé àwọn ará Ifẹ̀ ń retí kí ó padà wá gba èrè oore rẹ̀. Ìlú tí ó bá ń retí ẹni tí òun jẹ ní gbèsè kò tíì gbàgbé pé òun jẹ gbèsè.

Lónìí, orúkọ Mọ́remí ni a fi pe ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Èkó. Ní 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì ṣí ère rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ère tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, tí ó di ògùṣọ̀ mú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojúbọ Olúorogbo náà sì wà ní ìlú kan náà. Olùkọ́ tí ó bá kó àwọn ọmọ wá wo ère ìyá, ó yẹ kí ó sọ fún wọn nípa ọmọ.

Ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà

Ẹni tí ó bá rò pé ìtàn ìwáṣẹ̀ lásán ni èyí, kí ó rántí àṣà ìwọ̀fà. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó náà. Kò dín ojú owó kù rárá. Bí bàbá kò bá rí owó san, ọmọ lè dàgbà sí oko olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: ó ní ẹbí, ó ní ẹ̀tọ́, a kì í sì í tà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé rẹ̀ ni a fi ń san èlé.

Kí ni àwọn ènìyàn ń yá owó náà fún? Nígbà mìíràn, ìyàn ni, tàbí àìsàn, tàbí owó ìtanràn, kò sì sí ẹni tí yóò bá tálákà jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìnáwó ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú wà lára ohun tí ó ń mú kí a fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Bàbá yóò sin òkú bàbá rẹ̀ tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, ìlú yóò jẹ, ìlú yóò mu, ọmọkùnrin kékeré kan yóò sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí oko olówó nígbà tí ìlù bá dákẹ́. Ìjọba àwọn Òyìnbó fòpin sí àṣà náà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Òfin pa orúkọ ìwọ̀fà rẹ́. Ìbéèrè ni bóyá ó pa ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú.

Ẹni ọmọ sin

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí Yorùbá má sin òkú àgbà. Òwe wà pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà yọ nígbà tí ìnáwó bá ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí a gbé òwe náà yẹ̀ wò. Kò sọ̀rọ̀ màlúù. Kò sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ eléré. Ohun tí ó ń sọ ni pé ayọ̀ òbí pé nígbà tí ọmọ bá wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì dúró létí ibojì. Ọmọ tí ó ṣẹ́kù ni òwe náà kà sí. Ìnáwó tí ó bá mú kí ọmọ tí ó ṣẹ́kù ta ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún un, tí ó sì mú kí ọmọ-ọmọ jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé, ó ti lòdì sí òwe tí a fi ń gbè é lẹ́yìn.

Kí a wo bí ìpàdé ẹbí ti máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti Èkó dé yóò ní kí orúkọ ìdílé má bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yóò ní gbogbo ìlú ni ó gbọ́ nípa òkú tí ilé kejì sin lóṣù tí ó kọjá, àwọn kò sì gbọdọ̀ kéré sí wọn. A ó pín owó: lágbájá, iye báyìí, tàmẹ̀dù, iye báyìí. Àbíkẹ́yìn, tí ó jẹ́ olùkọ́, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, kò ní lè sọ̀rọ̀ nítorí pé òun ni àbúrò gbogbo wọn. Yóò lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọn yóò sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò ní rí ìwé tuntun lò, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa dín ẹran kù nínú ìkòkò. Àwọn wọ̀nyí kò sí ní ìpàdé. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ kọ́ ni yóò san jù.

Bí òkú náà bá sì ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, ó yẹ kí ó ti hàn nígbà tí ó wà láàyè. Ìyá tí kò rí ẹni bá a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọnmi ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí a wá pa màlúù lé lórí nígbà tí ó kú, àwọn àlejò yóò jẹ ẹran náà, wọn yóò sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ sílé ni wọn yóò máa sọ fún ara wọn ohun tí àwọn ọmọ náà kà sí. Kì í ṣe ìyá wọn.

Nígbà tí àgbà bá ń jà

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú pẹ̀lú, a kò sì lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Ilé-Ifẹ̀ kí a má rántí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí àwọn tí ogun lé sì wá bá Ifẹ̀ gbé, ni ó ti ń fà bọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1981. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, nígbà tí àríyànjiyàn dìde lórí ibi tí olú iléeṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà, iná náà kò sì kú títí di 2000.

Ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn kò lè dá ẹjọ́ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó kà sí. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Èkejì ń sọ̀rọ̀ iyì ẹni tí a bí síbì kan, tí a bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí a sì ń pè ní àlejò. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ohun yẹpẹrẹ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì dúró níbẹ̀ tí ó ń wò wọ́n lójú. Ta ni ó san owó náà? Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé ìbọn ni, àti àwọn ọmọ tí ilé-ìwé wọn tì. Àwọn ìyá tí ìsọ̀ wọn jóná ni, àti àwọn tọkọtaya tí ọkọ wá láti ìhà kan, tí aya wá láti ìhà kejì, tí wọn kò mọ ibi tí àwọn ọmọ wọn yóò sá sí. Òwe ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ifẹ̀ àtijọ́ sọ ara rẹ̀ di ọmọ fún ìyá tí ó pàdánù ọmọ nítorí ìlú. Ó yẹ kí ìhà méjèèjì bi ara wọn bóyá wọ́n ti di ọmọ fún àwọn ìyá tí ìjà náà sọ di aláìlọ́mọ, láìka ìhà tí ìyá náà ti wá sí. Kò sí àdéhùn àlàáfíà tí yóò fìdí múlẹ̀ ju èyí lọ.

Nígbà tí ìlú san fún ọmọ

Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ni ó wà nínú ìtàn yìí. Adésọjí Adérẹ̀mí gorí ìtẹ́ àwọn Ọọ̀ni ní 1930. Nígbà tí ó di 1932, ó ti dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà púpọ̀ ni ọba tuntun lè gbà fi títóbi rẹ̀ han aráyé, èyí tí ó sì yá jù wà nínú wọn. Ilé-ìwé kì í yára gbé ọba ga, nítorí ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà kí a tó rí ohun tí a gbìn. Ọba náà pẹ́ lórí oyè títí di 1980, ojú rẹ̀ sì rí èso rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé kò tó 460,000 ní 1954. Ní 1955, ó ti lé ní 800,000. Ọ̀fẹ́ ni a pè é, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó san án. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, tí kò sì ní mọ̀wé láéláé, ni ó san owó orí, owó kòkó rẹ̀ sì wà lára ohun tí ìjọba ná. Owó orí náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Ẹgbẹ́ náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ètò náà tì. Àwọn olóṣèlú pẹ̀lú san díẹ̀ nínú owó náà.

Èyí ni òdìkejì ohun tí ó ṣẹlẹ̀ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn. Níbẹ̀, ọmọ san kí ìlú lè yè. Ní 1955, ìlú san kí ọmọ lè mọ̀wé. Ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Nínú àwọn ọmọ tí a tọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí àwọn tí ó wọ Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1961, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, tí ó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, tí a sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ní 1987.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ pàápàá lè di odò tí ń bèèrè Olúorogbo. Àwọn òbí kan ń fi agídí ti ọmọ sí ìdí ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin nígbà tí ọkàn ọmọ wà ní ìdí iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, kí a lè máa pe bàbá ní Bàbá Dókítà. Àwọn mìíràn ń san owó magomágo ìdánwò fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé. Gbogbo wọn ni yóò ní nítorí ọmọ ni àwọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún tí ọmọ náà yóò fi ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí ọdún tí yóò fi máa sá fún iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé ó mọ̀, òun nìkan ni yóò san án.

Òótọ́ ni pé kò sí àgbà tí ó lè yan ohun kan láyé kí ó má kan ọmọ. Bàbá tí ó lọ sí ìdálẹ̀ láti wá owó, àìsí rẹ̀ ń dun ọmọ. Ìyá ọlọ́jà tí ó ti jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ rẹ̀ ni ó ń wẹ àbúrò, tí ó sì ń dáná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ẹbí kò bá jọ ru ẹrù, ẹrù náà yóò wó lé gbogbo wọn. Ẹ̀bi kò sí nínú pé ọmọ bá àgbà gbé ẹrù. Ẹ̀bi wà nígbà tí a kò bá sọ fún un ohun tí ó wà nínú ẹrù náà, tí kò bá ní ìpín kankan nínú rẹ̀, tí a sì gbàgbé lẹ́yìn náà pé òun ni ó rù ú.

Àwọn olùkọ́ sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n kà sí jù lọ láyé. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ó kù kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ àwọn tí yóò san owó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àròkọ ni yóò yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Bákan náà ni ó yẹ kí àgbà ẹbí, kí a tó pa obì ní ìpàdé, wo yàrá yíká, kí ó sì bèèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀ tí owó yìí yóò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Bí ẹni náà bá ṣeé ké sí, kí a ké sí i wọlé kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé tí kò lè sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, kí a máa dín owó náà kù títí yóò fi mọ iye tí àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ lè fi àpò ara wọn san.